Ẹ̀jẹ̀ Ìdílé àti Atẹ́gùn Ìlú: Ìtàn Ikọ́ Fée àti Àléfọ́ láti Róòmù dé Port Harcourt

Kí àwọn Yorùbá tó fi ọmọ fún ọkọ, ìwádìí a kọ́kọ́ wáyé. Alárinà a lọ, a bọ̀; àwọn àgbà a sì rán ẹnì kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ sí àdúgbò àwọn àna, kí ó ṣe bí ẹni tí ń kọjá lọ, kí ó sì fi ojú inú wo ilé náà. Ǹjẹ́ wọ́n ń jalè níbẹ̀? Ǹjẹ́ wèrè wà nínú ìdílé náà, tàbí wárápá, tàbí ẹ̀tẹ̀? Lẹ́yìn àwọn ìbéèrè ńláńlá wọ̀nyí ni àwọn kéékèèké ń tẹ̀ lé e, ikọ́ fée sì máa ń wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìyá àgbà ilé náà a máa mí hẹlẹhẹlẹ lóru, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin náà sì ti ní in rí, ojú tí wọ́n fi ń wo ọ̀rọ̀ náà lè yí padà. Bí ìgbéyàwó náà bá sì wáyé, tí a bí ọmọ tí ara ń yún tí àyà sì ń dí, ìyá ni wọn yóò kọ́kọ́ yí ojú sí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn àgbà ń wádìí ni ó jẹ́ àjogúnbá ní tòótọ́. Ẹ̀tẹ̀ kò bá ìdílé wá rárá. Ní ọdún 1873 ni Hansen, dókítà ará Nọ́wè, ti rí kòkòrò tí ó ń fà á. Ṣùgbọ́n ti ikọ́ fée yàtọ̀. Àwọn àgbà rí òtítọ́ kan níbẹ̀, wọn kò kàn rí i tán ni. Ìtàn bí aráyé ṣe ń wá ìyókù rẹ̀ ni ó wà nínú àròkọ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ láàfin Róòmù, ó gba Ìbàdàn kọjá, ó sì dé Port Harcourt ní Ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ìjọba, òwò àti epo rọ̀bì gbé débẹ̀ ti ń tọ́ ọmọ.

Ó yẹ kí á mọ àwọn àìsàn méjèèjì dáadáa kí á tó máa bá ìtàn lọ. Ikọ́ fée, tí àwọn dókítà ń pè ní asthma, ni àìsàn tí ń mú kí àwọn ọ̀nà tóóró tí atẹ́gùn ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró wú. Iṣan tí ó yí wọn ká a fún pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì dí ìwọ̀nba àyè tí ó kù. Atẹ́gùn tí ó fẹ́ jáde a wá máa súfèé láyà aláìsàn. Àléfọ́, tí wọ́n ń pè ní eczema, ni ti awọ ara. Ara a gbẹ, a máa yún ènìyàn tọ̀sán tòru, pàápàá ní ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń ká, ní ẹ̀yìn orúnkún àti ní ọrùn. Ìwé òyìnbó a máa sọ pé ojú ibẹ̀ a pọ́n, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n náà kì í hàn gedegbe. Dúdú ni ibẹ̀ máa ń dú sí i, a sì le bí awọ ìlù. Àléfọ́ kì í ṣe lapálapá, kì í ṣe kúrúnà, kì í sì í ràn. Olùkọ́ tí ó bá ń rí i pé àwọn ọmọ kíláàsì kò fẹ́ bá ọmọ kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nítorí awọ ara rẹ̀ yóò ṣe dáadáa bí ó bá lè sọ èyí fún wọn.

Ohun tí ó ti ń ya àwọn tí ń tọ́jú ọmọdé lẹ́nu ni pé àìsàn méjèèjì yìí, tí ọ̀kan wà lóde ara tí èkejì wà nínú àyà, a máa bá ara wọn rìn. Ọmọ tí àléfọ́ mú kí ó tó pé ọdún kan lè di ọmọ tí ń súfèé láyà nígbà tí ó bá tó ilé-ìwé í lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà fi fún ọ̀rọ̀ náà ní orúkọ ìrìn ọmọ ogun, bí ẹni pé àìsàn kan ni ó tò láti awọ ara lọ sí inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ìdílé tí ó pẹ́ jù lọ tí a lè fi ojú yìí wò ni ìdílé àwọn ọba Róòmù. Suetonius, òpìtàn tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn, sọ pé ara a máa yún Augustus, ọba àkọ́kọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń fi irin ha á kíkankíkan, tí awọ rẹ̀ sì le ní ọ̀pọ̀ ibi. Ó ní nígbà ìrúwé, àyà a máa wú u. Bí atẹ́gùn gúúsù bá sì fẹ́, ọ̀fìnkìn a dé. Wọ́n tún ní Britannicus, tí a bí ní ìdílé kan náà lẹ́yìn ikú Augustus, kì í lè sún mọ́ ẹṣin kí ojú rẹ̀ má wú. Ní ọdún 1985, Johannes Ring, dókítà ará Jámánì, kó àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí jọ, ó sì dábàá pé ìdílé yìí ni àkọ́kọ́ nínú ìtàn tí a lè tọ́ka sí pé èèwọ̀ ara wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òkú kò ṣeé yẹ̀ wò, kò sì sí ẹni tí ó lè búra pé ikọ́ fée ni ó ń ṣe Augustus. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti rí ọmọ tí ń fi ẹ̀yìn ṣíbí ha ara rẹ̀ lóru kò ní pẹ́ mọ ohun tí Suetonius ń sọ.

Ìwádìí gidi kò bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní ọdún 1892, Ernest Besnier, oníṣègùn awọ ara ní ìlú Paris, ṣàpèjúwe ìyún ara kan tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, tí kì í lọ bọ̀rọ̀, tí ó sì máa ń bá ikọ́ fée àti ọ̀fìnkìn rìn nínú ìdílé kan náà. Ní ọdún 1916, Robert Cooke àti Albert Vander Veer ní New York wá fi iye sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bi àwọn aláìsàn 504 tí wọ́n ní èèwọ̀ ara léèrè nípa àwọn ẹbí wọn: 48 nínú 100 ni ó ní ẹbí tí irú rẹ̀ ń ṣe. Wọ́n bi àwọn 76 tí ara wọn le léèrè bákan náà: kò ju bíi 14 nínú 100 lọ. Ìwádìí àna tí àwọn àgbà ń ṣe ni àwọn dókítà méjèèjì yìí ṣe, àfi pé wọ́n ní ìwé àti kálàmù lọ́wọ́, wọ́n sì rántí láti bi àwọn tí kò ṣàìsàn léèrè pẹ̀lú. Ìyẹn ni àwọn alárinà kì í ṣe. Ní ọdún 1923, Cooke àti Arthur Coca fún irú ara bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kan láti inú èdè Gíríìkì, atopy, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí kò sí ní ààyè rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni Fred Wise àti Marion Sulzberger fi àléfọ́ sábẹ́ orúkọ náà.

Láàárín ìgbà yìí, ohun ìyanu kan ti ṣẹlẹ̀ ní Breslau, ìlú tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. Heinz Küstner kì í lè jẹ ẹja sísè. Bí ó bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ yóò wú. Carl Prausnitz ní tirẹ̀ ń jẹ ẹja láìsí ìyọnu. Ní ọdún 1921 ni wọ́n ròyìn ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n fa omi inú ẹ̀jẹ̀ Küstner, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un sí awọ Prausnitz ní ojú kan. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gún omi ẹja sí ojú kan náà. Ibẹ̀ wú! Ìyókù ara Prausnitz kò ṣe nǹkan kan. A máa ń sọ lédè wa pé ìwà kan tàbí àìsàn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé kan. Níbí, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé bù fún àlejò tí kò bá onítọ̀hún tan rárá. Èyí tó láti mú kí ènìyàn rọra sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ìdílé.

Ó gbà tó ọdún 45 kí wọ́n tó mọ ohun tí ó wà nínú omi náà. Kimishige Ishizaka àti aya rẹ̀ Teruko, ará Japan tí ń ṣiṣẹ́ ní Denver ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1966; Gunnar Johansson àti Hans Bennich ní Uppsala ní Sweden náà rí i láyè ọ̀tọ̀. Ní ọdún 1968 ni wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan láti pè é ní IgE. Ọmọ ogun ara ni IgE. Aràn àti irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ láti bá jà, ṣùgbọ́n lára àwọn ènìyàn kan, eruku ilé, ẹyin tàbí irun ológbò ni ó ń gbé idà sí.

Bí a ti mọ ọmọ ogun, ìbéèrè kù: ta ni ó ń rán an níṣẹ́? Ìdílé ni, tàbí ibi tí ènìyàn ń gbé? Ìbejì ni ó dáhùn. Ní ọdún 1971, Edfors-Lubs gbé ìwádìí jáde ní Sweden lórí ìbejì ọ̀nà 7,000. Láàárín ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan wá, tí gbogbo àjogúnbá wọn jẹ́ ọ̀kan náà, bí ikọ́ fée bá ń ṣe ọ̀kan, 19 nínú 100 ni èkejì náà ní in. Láàárín ìbejì ẹyin méjì, tí wọn kò jọra ju bí ọmọ ìyá lásán ṣe ń jọra lọ, kò tó 5 nínú 100. Àwọn tí ó ka ìwádìí yìí sábà máa ń dúró lórí bí 19 ṣe ju 5 lọ, wọ́n a sì ní àjogúnbá ti fìdí múlẹ̀. Ó fìdí múlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo apá kejì: nínú 100 irú ìbejì bẹ́ẹ̀ tí ikọ́ fée ń ṣe ọ̀kan, àwọn 81 ni èkejì wọn kò ní in, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jọ jogún ohun kan náà láìku ẹyọ kan. Bí Táyé bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tí Kẹ́hìndé sì ń sáré kiri, a kò lè fi ìdílé nìkan ṣàlàyé rẹ̀.

Ó dunni díẹ̀ pé Sweden ni a ti ní láti lọ wá èyí. Ilẹ̀ Yorùbá ni ilẹ̀ ìbejì. Percy Nylander fi hàn ní Ìbàdàn, ní ọdún 1960 ó lé, pé ó lé ní 40 nínú ìbímọ 1,000 tí ó jẹ́ ti ìbejì ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹyin méjì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìbejì wa ti ń wá. Àwọn ẹlẹ́yin kan kò pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ.

Níbí ni ó yẹ kí á ti ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí òun ni ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà bí wọ́n bá gbọ́ àìsàn ìdílé. Ẹyọ jíìnì kan ṣoṣo ni ó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde. Bí AS bá fẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ tí wọn yóò bí yóò jẹ́ SS. Ìṣirò náà kò yí, òun sì ni ìdí tí àwọn ilé ìjọsìn fi ń béèrè ìwé àyẹ̀wò kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Kò sí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún ikọ́ fée àti àléfọ́. Jíìnì púpọ̀ ni ó ń dá sí wọn, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá fi ojú AS àti SS wo ikọ́ fée láti tú àfẹ́sọ́nà ká ń lo òṣùwọ̀n iṣu láti wọn aṣọ.

Jíìnì kan wà nínú wọn, síbẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ lágbára ju ti ìyókù lọ. Ní ọdún 2006, Irwin McLean àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee ní Scotland fi hàn pé àbùkù lára jíìnì tí ń ṣe filaggrin a máa fa àléfọ́. Filaggrin ni purotéènì tí ń mú òde awọ ara dì mọ́ra bí amọ̀ ṣe ń mú ògiri dì. Níbi tí kò bá tó, awọ a gbẹ, a sán wẹ́wẹ́, ohun tí kò yẹ kí ó wọlé a sì wọlé. Nǹkan bí 9 nínú 100 àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù ni ó ní ọ̀kan nínú àbùkù méjì tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni pé àbùkù yìí a máa fa ikọ́ fée pẹ̀lú, ṣùgbọ́n lára àwọn tí ó ti kọ́kọ́ ní àléfọ́ ni. Filaggrin kò sì sí nínú ẹ̀dọ̀fóró bí ó ṣe wà ní awọ ara! Ọ̀nà awọ ni nǹkan ti wọlé. Àwọn ọmọ ogun ara rí i níbẹ̀, wọ́n kórìíra rẹ̀, nígbà tí ọmọ náà sì fà á símú, wọ́n dá a mọ̀. Báyìí ni ìrìn ọmọ ogun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ṣe wá ní ìtumọ̀. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí kan yẹ àwọn 2,428 wò tí wọ́n ní àléfọ́ ní kékeré tí ikọ́ fée sì tẹ̀ lé e; ibi méje ni wọ́n rí nínú àjogúnbá ènìyàn tí ó kan àpapọ̀ àìsàn méjèèjì, ti filaggrin sì wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n ará Yúróòpù ni gbogbo ìwọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n wá filaggrin tó lábùkù lọ sára àwọn aláléfọ́ ní Ethiopia, nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2011, wọn kò bá a bí wọ́n ṣe rò. Láàárín àwọn ọmọ Xhosa ní South Africa ní ọdún 2014, bákan náà ni. A kò lè sọ pé àléfọ́ ni kò sí ní Áfíríkà. Nínú ìwádìí ISAAC, tí ó béèrè nípa àìsàn wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn ọmọdé kárí ayé láàárín ọdún 1990 ó lé, àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14 ní Albania tí ó ní àmì àléfọ́ kò tó 1 nínú 100. Ní Nàìjíríà, wọ́n lé ní 17, òun ni ó sì ga jù. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà, lábẹ́ Adegoke Falade ní ilé ìwòsàn UCH. Òótọ́ ni pé ìwé ìbéèrè ni wọ́n lò, kì í ṣe ojú dókítà. Kúrúnà àti ooru lè wà nínú ìyún tí àwọn ọmọ kan ròyìn. Bí a bá tilẹ̀ yọ ìyẹn kúrò, àìsàn wà, ṣùgbọ́n jíìnì tí òyìnbó mọ̀ mọ́ ọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà mìíràn ni ó gbà wọlé sọ́dọ̀ tiwa.

Ìbàdàn yìí kan náà ni ó wá di ojú ìwé pàtàkì nínú ìmọ̀ jíìnì láyé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, iṣẹ́ ńlá kan tí a ń pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀ láti ya àwòrán bí àjogúnbá ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra. Àwùjọ mẹ́rin ni wọ́n yàn: àwọn ará Utah ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, àwọn ará Beijing, àwọn ará Tokyo, àti àwọn Yorùbá Ìbàdàn. Àádọ́rùn-ún Yorùbá ni ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ wọn, ọ̀nà ọgbọ̀n. Charles Rotimi, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tí ó bá àwọn ará àdúgbò jíròrò kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005 ni àwòrán náà jáde, láti ìgbà náà ni àmì YRI sì ti wà nínú àìmọye ìwé sáyẹ́ǹsì. Inú ilé ìkẹ́rùsí Coriell ní Camden, New Jersey, ni ohun tí a mú jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ náà wà. Wọn kò kọ àìsàn ẹnikẹ́ni mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ọ̀kan nínú àwọn 90 náà ń súfèé láyà.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti wá jíìnì ikọ́ fée káàkiri. Ní ọdún 2007, Miriam Moffatt àti William Cookson ní London rí ibì kan lórí kúrómósóòmù kẹtàdínlógún lára àwọn ọmọ Britain àti Jámánì. Ní ọdún 2010, ìwádìí GABRIEL yẹ àwọn 10,365 oníkọ́ fée wò ní Yúróòpù. Àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà kéré gan-an nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn àmì tí a sì rí lára òyìnbó kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa lára wọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí a bá ń júwe ilé fún àlejò, a lè ní kí ó wo igi ìrókò, kí ó mọ̀ pé ilé kejì sí i ni. Ní Yúróòpù, ìrókò àti ilé ṣì wà nítòsí ara wọn. Ní Áfíríkà, níbi tí ènìyàn ti pẹ́ jù lọ, ìran lé ìran ti pín àjogúnbá náà sí wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìrókò ti wà ní àdúgbò kan, tí ilé sì wà ní òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn ni ó kọ́ aráyé ní èyí. Ó wá dà bí ẹni pé a yá wọn ní àtùpà, ilé tiwa sì wà lókùnkùn. Ní ọdún 2011 ni ìwádìí EVE ní Amẹ́ríkà rí jíìnì kan, PYHIN1, tí ó jọ pé ikọ́ fée àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà nìkan ni ó kàn. Ìwádìí yìí kan náà rí i pé òmíràn, TSLP, kan gbogbo ẹ̀yà.

TSLP yìí yẹ ní àfiyèsí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ òde awọ àti inú ọ̀nà atẹ́gùn ni ó ń ṣe é, ariwo tí wọ́n ń pa nìyẹn nígbà tí nǹkan bá ṣe wọ́n léṣe. Nítorí náà, lára ẹ̀yà yòówù, ohun tí ọmọ ń jogún ni bí ògiri rẹ̀ ṣe lágbára tó àti bí olùṣọ́ rẹ̀ ṣe ń tètè ké tó. Ohun tí yóò fọ́ ògiri, òde ni yóò ti wá.

Àwọn ọmọ Xhosa ni ó jẹ́ kí èyí hàn kedere. Ní ọdún 1979, van Niekerk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí àwọn ọmọ Xhosa sáré, wọ́n sì wo bí wọ́n ṣe ń mí. Ní ìgbèríko Transkei, ẹyọ kan ṣoṣo nínú 671 ni àyà rẹ̀ dí. Ní Cape Town, ó lé ní 3 nínú 100. Ẹ̀yà kan, èdè kan, babańlá kan náà. Ìlú ni ó yàtọ̀. Ní Gabon ní ọdún 2000, wọ́n rí i pé awọ àwọn ọmọ tí àtọ̀sí ajá ń bá jà kì í sábà wú sí kòkòrò inú eruku bíi ti àwọn tí kò ní in. Kò sí ẹni tí yóò torí èyí fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ní àtọ̀sí ajá, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí ọmọ ń bá pàdé ní ìgbèríko kì í ṣe ohun tí yóò bá ní ìlú.

Port Harcourt sì jẹ́ ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba òyìnbó ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, Lugard sì fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà àwọn ilẹ̀ àmúsìn, sọ ọ́ ní ọdún 1913, kí ó lè jẹ́ èbúté fún èédú Enugu. Wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní ọdún 1956. Ní ọdún 1965 ni ilé ìfọpo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alesa-Eleme. Láti ìgbà náà ni iná gáàsì ti ń jó lójú ọ̀run ní agbègbè yìí. Ní ìparí ọdún 2016, ohun mìíràn dé. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í jí bá eruku dúdú lórí fèrèsé, lórí aṣọ tí wọ́n sá, lára ọkọ̀ àti nínú ihò imú ọmọ. Èéfín ni, púpọ̀ rẹ̀ wá láti inú igbó tí àwọn ènìyàn ti ń se epo rọ̀bì láìgbàṣẹ, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kpo-fire. Ní ọdún 2018, àwọn ará ìlú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, Gómìnà Nyesom Wike pàṣẹ pé kí wọ́n lọ tú àwọn ibùdó náà ká.

Èyí tí ojú rí lórí fèrèsé kọ́ ni ó burú jù. Inú èéfín bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rún kan wà tí fífẹ̀ wọn kò ju ìdá kan nínú ọgbọ̀n fífẹ̀ irun orí lọ. Imú kò lè sẹ́ wọn. Wọ́n ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ ibẹ̀ léṣe, àwọn kan náà tí a ní wọ́n ń ké. Ọmọ tí olùṣọ́ rẹ̀ ń rọra sọ̀rọ̀ lè wúkọ́ díẹ̀ kí ó sì gbàgbé. Ọmọ tí ó jogún olùṣọ́ tí ń ké tòò yóò jí lóru, yóò dìde jókòó, yóò máa wá atẹ́gùn. Wọ́n lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kí wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan náà. Bí ìyá ọkọ bá wá láti ilé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ni ó bá ọmọ jà, apá kan òtítọ́ ni ó sọ, ìwà ìkà sì ni láti fi apá kan yẹn dá obìnrin lẹ́bi. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ yan jíìnì fún ọmọ. Ó sì ṣeé ṣe kí ti bàbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí a bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé iwájú dókítà, dókítà náà yóò béèrè bóyá bàbá, ìyá tàbí àwọn ẹ̀gbọ́n ní ikọ́ fée, àléfọ́ tàbí ọ̀fìnkìn tí kì í lọ. Kò ní torí ìdáhùn rẹ̀ sọ pé kí wọ́n má bímọ mọ́. Yóò wo awọ ọmọ náà, nítorí bí àléfọ́ bá wà níbẹ̀, ìpara tí ń mú ara rọ̀ àti oògùn rẹ̀ yóò wọ inú ìtọ́jú. Yóò kọ oògùn tí a ń fà símú, èyí tí a ń lò lójoojúmọ́ àti èyí tí a ń lò nígbà tí àyà bá dí, yóò sì fi hàn ìyá bí a ṣe ń fà á, nítorí ọ̀pọ̀ ni kì í mọ̀ ọ́n fà. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ohun tí wọ́n fi ń dáná nílé, bóyá ẹnikẹ́ni ń mu sìgá nínú yàrá, bóyá jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá fèrèsé lóru, àti apá ibo ní Port Harcourt ni wọ́n ń gbé.